Ìbúra fún Ọba Charles: kí la ń búra sí gan-an?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí mo fi béèrè láti di ọmọ ìlú Britain, wọ́n ní kí n wá búra ní káńsù kí oṣù mẹ́ta tó pé. Mo ka ọ̀rọ̀ ìbúra náà, ara mi ò gbà á tán. Kí n fi Ọlọ́run búra pé màá jẹ́ olóòótọ́ sí Ọba Charles Kẹta àtàwọn àrólé ẹ̀? Bàbá mi kì í jẹ́ ká fẹnu lásán búra. Ṣé dandan ni?

Bọ̀dá Akin, Croydon: Ẹ kú oríire, mà. Dandan ni fẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan dárúkọ Ọlọ́run. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní affirmation, ò dárúkọ ẹ̀. Ẹ tètè sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, kí wọ́n tó pè yín síwájú. Káàdì kékeré ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n á kà á, ẹ̀yin á máa gbè é. Lọ́jọ́ tèmi, àwòrán ọba wà lára ògiri, ìyá kan fi ẹ̀wọ̀n oyè sọ́rùn, ẹ̀rọ orin ń há. Àwa mọ́kàndínlógún kọ orin ọba ní ohùn mọ́kàndínlógún!

Àǹtí Bísí, Luton: Ẹ wo ibi tí ìbúra yẹn parí sí: "according to law", ìyẹn bí òfin bá ṣe sọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti 1708, láyé Queen Anne, kò sí ọba tó kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí Pálíámẹ́ǹtì ṣe. Ọ̀rọ̀ tí Charles ń kà nígbà tó bá ń ṣí ilé ìgbìmọ̀, àwọn mínísítà ló kọ ọ́ fún un. Kódà, tí Black Rod tó jẹ́ ìránṣẹ́ ẹ̀ bá lọ pe àwọn aṣòfin, wọ́n á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, á wá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ní 2019, olórí ìjọba ní kí Queen Elizabeth ti ilé ìgbìmọ̀ pa fọ́sẹ̀ márùn-ún, ó gbà. Kóòtù tó ga jù fagi lé e, adájọ́ 11, ohùn kan.

Bàbá Tólú, Malmö: Ní Sweden níbí, òfin 1974 ti gba àṣẹ ìṣèlú lọ́wọ́ ọba. Kì í fọwọ́ sí òfin mọ́, olórí ilé ìgbìmọ̀ ló ń dábàá ẹni tó máa ṣe olórí ìjọba. Àmọ́ ní Spain, ọmọ ìlú tuntun ṣì ń búra fún ọba àti òfin pọ̀.

Bọ̀dá Akin: Ti Belgium ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1990, Ọba Baudouin ní ẹ̀rí ọkàn òun ò gbà kóun fọwọ́ sí òfin oyún ṣíṣẹ́. Àwọn mínísítà bá kéde pé ọba ò lè jọba fúngbà díẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí òfin náà fúnra wọn. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìgbìmọ̀ dá a padà sórí ìtẹ́. Ọ̀yọ́mèsì ì bá ti gbé igbá òfìfo lọ fún un.

Ìyá Ìbejì: Kí wá ni wọ́n ń fi ọba ṣe?

Àǹtí Bísí: Ẹ rántí 2022. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, Queen Elizabeth fi Liz Truss jẹ olórí ìjọba ní Balmoral, ilé ẹ̀ ní Scotland. Ọjọ́ kẹjọ, Queen wàjà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, Charles ti fi Rishi Sunak jẹ olórí ìjọba rọ́pò Truss. Kò síbi tí ìbọn ti dún.

Bàbá Tólú: Ṣùgbọ́n £86.3 mílíọ̀nù ni wọ́n ń ná lé ààfin lórí lọ́dún nígbà yẹn. Owó ńlá ni fẹ́ni tí kò láṣẹ o!

Ìyá Ìbejì: Ó ti yé mi. Màá fi Ọlọ́run búra. Ṣé mo lè wé gèlè?

Bọ̀dá Akin: Ẹ wé e kó mọ níwọ̀n, ẹni ẹ̀yìn yín náà fẹ́ ríran. Kẹ́ ẹ má gbàgbé lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín wá búra àti ìwé ìdánimọ̀. Wọ́n dá ẹnìkan padà lójú mi nítorí ẹ̀.