Èsì: "Bá" kọ́, "jọ" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Gwarinpa ní Àbújá fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé pélébé fún àwọn ìyá tó ń sọ Yorùbá ní Nyanya, Karu àti Kubwa. Iṣẹ́ tí àwọn elétò ìlera àti àwọn wẹ́fíà (òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn) jọ ń ṣe lórí ọmọ kékeré, wọ́n pè é ní "ìbáṣepọ̀ ìlera òun ìgbáyégbádùn fún ìbẹ̀rẹ̀ èwe". Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á. "Bá" inú "ìbáṣepọ̀" ló ń bí mi nínú. "Àjọtọ́mọ" ni mo fẹ́ ká fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ wò: "Mo bá a tọ́ ọmọ rẹ̀." "A jọ tọ́ ọmọ náà." Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ ti ní ẹni tó ni ín, èmi wulẹ̀ yà ràn án lọ́wọ́ ni, ìgbà tó bá sì wù mí ni mo lè bá tèmi lọ. Nínú ti èkejì, kò sẹ́ni tó lè ní ti òun kọ́. "Jọ" kì í gba ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé "mo jọ lọ". "Bá" gbà kí ọ̀kan jẹ́ onílé, kí èkejì jẹ́ àlejò. Àlejò náà ni wẹ́fíà sì jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìlera tí mo mọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nọ́ọ̀sì a máa fi tépù aláwọ̀ mẹ́ta, tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tí kò jẹun tó, yí apá òsì ọmọ ká, ní agbede-méjì èjìká àti ìgúnpá. Bó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni, ebi ti ṣe ọmọ náà léṣe gan-an; láti ibẹ̀ dé 12.5, yẹ́lò ni. Mo ṣe ògbufọ̀ fún ìyá kan tí tépù ọmọ rẹ̀ bọ́ sí yẹ́lò. Nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ ẹyin, ẹ̀wà àti edé gbígbẹ, ìyá ń mi orí. Iṣẹ́ lébìrà ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, onílé sì ti fún wọn ní nótíìsì. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì, ó ní kó lọ rí wẹ́fíà ní ọ́fíìsì tó wà lọ́nà jíjìn. Ìyá yẹn ò ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọ́fíìsì. Ìbáṣepọ̀ wà láàrin ọ́fíìsì méjèèjì o, wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn dáadáa. Ọmọ náà ni wọn ò jọ tọ́.

Ibi tí "jọ" ti ń ṣiṣẹ́ wà pẹ̀lú. Níbi tí òṣìṣẹ́ Àjọ Ìkànìyàn bá ti jókòó ti tábìlì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọ á gba BCG, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyá ò sì ní wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ìwé ọjọ́ ìbí. "Àjọ" fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe inú "jọ" ló ti jáde ni?

Ẹni tó dá a lábàá pé ká mú "àjọṣepọ̀" ti sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ni "pọ̀" tún ń wá níbẹ̀ nígbà tí "jọ" ti kó wọn pọ̀ tán? "Ṣe" ńkọ́? Ṣe kí ni? Ọmọ dà? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé "àjọtọ́mọ". Ẹ má gé e kù sí "àjọtọ́", torí ilé ìtẹ̀wé kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kà á ní ohùn ìsàlẹ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìtọ̀. "Ọmọ" tó wà ní ìparí ni kò ní jẹ́ kí ó ṣì í kà.

Ẹ̀gbọ́n fi òwe gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ pé ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òtítọ́ ni, àmọ́ igba ojú ọ̀hún jọ ń wò ó ni, kò sí èyí tó ń bá èkejì wò ó. Ìyá ìyá mi ṣe agbẹ̀bí ní Ọ̀fà. Bí wọ́n bá wẹ ọmọ tán, wọ́n á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Bí nǹkan gidi ò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ lójú ẹsẹ̀, bó wà lóko, bó wà lọ́jà. Ta ló sọ fún wọn nígbà yẹn pé ìlera yàtọ̀ sí ìgbáyégbádùn?

"Ìbẹ̀rẹ̀ èwe" náà ò tọ́. Ìlànà ìtọ́jú ọmọ tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé), UNICEF (àjọ àgbáyé fún ọmọdé) àti Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2018, láti inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀, títí ọmọ fi máa pé ọdún mẹ́ta: ìlera, oúnjẹ, ààbò, ẹ̀kọ́, àti òbí tó ń dá ọmọ lóhùn. Èwo ni èwe nínú ẹni tí a ò tíì bí? "Láti inú oyún dé ọmọ ọdún mẹ́ta", ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò yé wọn.

Ẹni tó ní ká yá "haɗin kai" (ìyẹn ìfọwọ́sowọ́pọ̀) lọ́wọ́ àwọn Haúsá torí pé rédíò ń lò ó, àwa náà ní foríkorí. Ìpàdé ni foríkorí ṣáá, oúnjẹ ò tíì dé ẹnu ọmọ níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tó sì ní kí àwa tí a ò kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa la ń dúró ti àwọn ìyá nígbà tí wọ́n bá ń béèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ti bóyá "ìlera òun ìgbáyégbádùn" ni tàbí "ìlera àti ìgbáyégbádùn" tí ẹ ti ń fà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò dá sí i, ẹ máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé pélébé yẹn bá máa wọ ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú "bá" nínú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò fọwọ́ sí i.