Gbígbé kàtúùnù sórí ìtàgé: ẹ má bo ojú ọmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ léré ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kàtúùnù The Lion King lórí ìtàgé, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Music Theatre International, iléeṣẹ́ tó ń fúnni láṣẹ láti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ọmọdé pín sí méjì: ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, èkejì tó nǹkan bí 60. Ti ìṣẹ́jú 30 ni kí ẹ mú fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìbòjú ló ń da iṣẹ́ rú jù. Bí ẹ bá fi bo ojú ọmọ, ohùn á há sínú rẹ̀, òógùn á wọ̀ ọ́ lójú, kò sì ní rí etí ìtàgé. Nígbà tí olùdarí eré, Julie Taymor, gbé The Lion King dé Broadway, àwọn ilé eré ńlá New York, lọ́dún 1997, òkè orí òṣèré ló gbé orí kìnnìún sí, kí òǹwòran lè rí ẹranko, kí wọ́n sì rí èèyàn. Àwa náà ṣáà mọ irú rẹ̀: eégún alárìnjó di òjòlá lójú agbo, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ẹsẹ̀ ta ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ gé páálí ní ìbú ìka mẹ́ta, ẹ fi yí orí ọmọ ká, kí ẹ fi méjì dábùú ara wọn lókè bíi fìlà. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín ṣe ojú kìnnìún sókè iwájú orí. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn ní ìpele mẹ́rin. Sítáàsì nìkan ò dáa, eku àti aáyán ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń bu lásìkò òjò. Ẹ po gọ́ọ̀mù Top Bond àti omi ní ìdajì-ìdajì. Kí ìpele kan gbẹ kí ẹ tó lẹ òmíràn; bí inú bá ṣì tutù, imú kìnnìún á wọlé lọ́jọ́ eré. Ìko ni kí ẹ fi ṣe irun ọrùn, torí òwú ń mu òógùn, ó sì ń wúwo. Bó bá wúwo ju píọ̀ wọ́tà kan lọ, ẹ dín in kù.

Ọ̀rọ̀ ìbòjú yẹn pé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìran agbo ẹran tó ń ya sáré kún un. Ẹ ya ẹran kéékèèké sára aṣọ, ẹ we aṣọ náà mọ́ páìpù lẹ́yìn ìtàgé, kí ẹni méjì máa yí i. Kí ìlà tó tẹ̀ lé e tóbi sí i, kí àwọn oníjó di ìbòjú ńlá mú níwájú pátápátá. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Broadway náà nìyẹn. Ojú á rí i bíi pé agbo náà ń bọ̀ wá bá òun.

Yálà gbọ̀ngàn àṣà Adégbémilé ní Àkúrẹ́ ni o, yálà gbọ̀ngàn iléèwé, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn ìtàgé, kí sípíkà sì ní bátìrì tirẹ̀. Bí orin bá dá láàárín ijó, àwọn ọmọ kì í rí ẹsẹ̀ wọn mú mọ́.