“Rọra lò ó” kọ́ lorúkọ iṣẹ́ yìí: ẹ jẹ́ ká gbé “ìmọwọ́ra” yẹ̀ wò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pè ní Yorùbá, ohun tí à ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún tò pọ̀, kó tó di pé à ń lò ó bó ṣe wù wá. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní “rọ́níìn”. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé: “ìfọ́wọlé”, “ìkọ́-ẹ́ńjìnnì” àti “ìrọra-lò”. Ó sì jọ pé “ìrọra-lò” ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ ká fẹnu kò sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ lójú mi.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde ra jẹ́ẹ̀tìskì àlòkù kan (ọkọ̀ kékeré tí a ń gùn lórí omi bí ọ̀kadà) tó máa ń gbé lọ sí Ìwòpin, létí ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì tú-sitiróòkù ni, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò rẹ̀, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Ẹ́ńjìnnì náà há. Wọ́n fẹ ojú sìlíńdà, ìyẹn ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, wọ́n fi písítìn tuntun sí i, pẹ̀lú rìǹgì tuntun, òrùka irin tó yí písítìn ká. Nígbà tí ẹni tó tún un ṣe ń gbowó, gbólóhùn kan péré ló sọ: “Ẹ máa rọra lò ó o.” Àbúrò mi gbọ́ràn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wọ́ lórí omi bí ìgbín, ìwọ̀n iná kan náà láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án, kò tẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tó wá fẹ́ sáré, agbára ò sí. Wọ́n tún tú u, wọ́n bá ògiri sìlíńdà tó ń dán bíi dígí. Rìǹgì ò mú. Owó rìǹgì tuntun tún jáde, wọ́n sì tún ojú sìlíńdà fá. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Ọ̀rọ̀ ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fẹ sìlíńdà tán, wọ́n máa ń fi òkúta fá ògiri rẹ̀ kó lè ní ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó gba orí ara wọn kọjá bí ojú àwọ̀n. Ilà yẹn ló ń gba ọ́ìlì dúró. Rìǹgì tuntun kì í kan ògiri yíká lọ́jọ́ kìíní. Ibi kan kàn án, ibi kan ò kàn án. Ìgbà tí wọ́n bá jọ ń ha ara wọn ni gegele ara àwọn méjèèjì tó ń lọ sílẹ̀, tí rìǹgì á fi lẹ̀ mọ́ ògiri yípo, tí èéfín iná ò ní rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà jò mọ́. Agbára iná tó ń jó lórí písítìn ló sì ń ti rìǹgì náà mọ́ ògiri. Bí iná bá kéré títí, rìǹgì ò ní tẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ọ́ìlì á jóná mọ́ ògiri, á dì síbẹ̀, ilà á dí. Ohun tó ṣe àbúrò mi nìyẹn. Bí iná bá sì tètè pọ̀ jù, àlùmíníọ́mù tí wọ́n fi ṣe písítìn máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin ara sìlíńdà bí ooru wọn bá dọ́gba. Písítìn á fẹ̀ tán nínú ihò rẹ̀, á há gádígádí. “Rọra” wà nínú iṣẹ́ yìí, àmọ́ “tẹ iná” náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ìkan láìsọ èkejì ti sọ ìdajì.

Bí wọ́n ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì rèé. Ẹ́ńjìnnì ojú omi tí ìwọ̀n ìpo rẹ̀ jẹ́ bẹntiróò 50 sí ọ́ìlì 1, ààbọ̀ lítà ọ́ìlì ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò lítà 25. Fún àkókò yìí, wọ́n sọ ọ́ di 25 sí 1, odindi lítà kan sí kẹ́ẹ̀gì kan. Wọ́n tan án lórí omi títí ó fi gbóná, wọ́n pa á kó tutù pátápátá, wọ́n tún tan án. Lẹ́yìn náà ló wá ń tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, á dẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ ẹ́ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ìgbà díẹ̀, á tún dẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kó dúró sójú kan. Ó ń yọ pulọ́ọ̀gì wò: bó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan tàbí tó dúdú díẹ̀ nítorí ọ́ìlì tó pọ̀, kò séwu, bó bá funfun, epo ò dé ibẹ̀ tó, kó pa á kíákíá. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 10 kó tó dá a sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀. “Ìfọ́wọlé” ò yẹ ká jà lé lórí. Olè ló ń fọ́lé. “Ìkọ́-ẹ́ńjìnnì” sàn díẹ̀, nítorí a máa ń kọ́ ẹṣin, a máa ń kọ́ ajá. Ṣùgbọ́n àárín irin méjì niṣẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Alárinà lásán lẹni tó jókòó lórí jẹ́ẹ̀tìskì.

Ọlọ ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Ọlọ tuntun kì í lọ ata kúnná lọ́jọ́ kìíní. Ìyá mi, ní Òdè Rẹ́mọ, máa ń fi àgbàdo lọ ọ́ dànù ná, kí iyanrìn ara rẹ̀ lè tán, kí ọmọ ọlọ sì mọ ojú ìyá rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní “wọ́n ń jẹ ara wọn ni.” Inú mi dùn, mo ti fẹ́ẹ́ gbé “ìjẹra” wá síbí, kí n tó rántí ẹran tó jẹrà. Àmì ohùn kan péré ló ya méjèèjì, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mẹkáníìkì kejì, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, ló wá sọ èyí tí mo dúró lé. Ó wo sìlíńdà tó ń dán yẹn, ó ní: “Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n mọwọ́ ara wọn.” Ohun tí à ń sọ nípa onílù méjì tó ti jọ lù pẹ́ nìyẹn, àti nípa àwọn tó jọ ń tukọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀ láìjọ ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo dábàá “ìmọwọ́ra”, bí a ṣe ní “ìgbọ́ra-ẹni-yé”. A ó lè sọ pé “ẹ́ńjìnnì mi ò tíì mọwọ́”, “mo ṣì ń mú un mọwọ́”, “wákàtí ìmọwọ́ra ku mẹ́rin”. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má sọ pé irin ò lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ lójú, ìgò lọ́rùn, tábìlì lẹ́sẹ̀, aago sì lọ́wọ́.

Ẹni tó pe tú-sitiróòkù ní “ẹ̀rọ ìlù-méjì”, mi ò gbà fún un. Kò sí ohun tó ń lu nǹkan níbẹ̀. Písítìn lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ parí. “Àlọ-àbọ̀ kan” bá a mu jù, tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò á sì jẹ́ “àlọ-àbọ̀ méjì”. “Alùpùpù omi” fún jẹ́ẹ̀tìskì dára gan-an ní tèmi.

Ẹni tó bá ní ojúlùmọ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Màkún-Omi tàbí Abígi, kó bá wa béèrè ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà lẹ́nu wọn, màá fi tèmi sílẹ̀.