Bọ́tìnnì tó jẹ, síbẹ̀ tó ń jẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú làákàyè o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń tún fóònù ṣe ti gbé ọ̀rọ̀ méjì síwájú wa. Ó fẹ́ máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́tìnnì tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀ ní "gbígbó bọ́tìnnì". Fóònù kan náà tí iléeṣẹ́ ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣiríṣi ìlú, ó pe ìyẹn ní "ẹ̀dà agbègbè". Ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà ní "ìparẹ́" ló yẹ kó rọ́pò gbígbó, wọ́n sì gba "ẹ̀dà agbègbè" wọlé. Èmi ò gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni yín, ẹ ó lóṣòó tì mí títí n ó fi san gbèsè àlàyé, torí náà mo ti mú un dání wá.

Ẹ jẹ́ ká mú gbó. Aṣọ ń gbó, àgbàdo ń gbó, ènìyàn náà ń gbó, a sì ń fi ṣàdúrà fún ara wa pé a ó gbó, a ó tọ́. Ọjọ́ ló ń mú nǹkan gbó. Fóònù ẹni tó ń ta káàdì lè má tíì pé ọdún kan kí 5 orí rẹ̀ ti pá bí orí baba arúgbó, kí 9 sì rí bí ọjọ́ tó jáde nínú páálí. Kí ló fà á? *555* tí àwọn tó ń lo MTN máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà káàdì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni 5 ń jìyà lórí káàdì kan, ká má tíì dé orí nọ́ńbà gan-an. Nígbà tó di 2023 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ní kí gbogbo wọn máa lo *311*, ìyà náà ṣí lọ sọ́dọ̀ 3 àti 1. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ni, ṣé gbogbo wọn kọ́ ni ì bá jọ gbó pọ̀? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kúkú bí wọn.

"Ìparẹ́" sún mọ́ ọ̀nà ju ìyẹn lọ, àmọ́ etí kan ló gbá mú lára ẹran náà. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù mi ṣe ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Mi ò bi í léèrè pé kí lẹ ń pe èyí ní Yorùbá, torí bí a bá ti bi ènìyàn bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀rọ̀ tí kò lò rí. Mo kàn ń gbọ́ bí òun àti oníbàárà ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ló ń lò, kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

"Ó ti pa." Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí bọ́tìnnì ló ti lọ. Ìka, òógùn àti ìpara ọwọ́ ló fọ̀dà rẹ̀ dànù. Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà kò tilẹ̀ ní í bìkítà. Kókó kékeré tó wà lójú 5, tí ìka fi ń mọ àárín láìwò ó, ojú lè pa kí kókó ṣì wà níbẹ̀.

"Ó ti jẹ." Èyí kúrò ní ọ̀rọ̀ ọ̀dà, rọ́bà gan-an ni. Ó jẹ bí àtẹ̀lẹsẹ̀ bàtà ṣe ń jẹ, ó ti jin kòtò sínú níbi tí àtàǹpàkò ń bà sí.

"Ó ti dẹ̀." Lábẹ́ rọ́bà, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ róbótó kan wà tó yọ ikùn sókè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ikùn yẹn á wọlé, á sì kan òrùka méjì tó wà lójú páánẹ́lì, ìyẹn pátákó tí iná ń gbà inú fóònù, ni iná á bá kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Bí a bá gbọ́wọ́ kúrò, á ta padà. Ìró "kẹ́" tí ìka ń gbọ́ nìyẹn. Bó bá ti tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, kò ní í ta mọ́, bọ́tìnnì á kàn rọ̀ pẹ̀sẹ̀ lábẹ́ ọwọ́.

"Kò jẹ́." O tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn. Ó lè jẹ́ páànù tó ti dẹ̀ ló fà á. Ó sì lè jẹ́ pé omi tàbí òógùn ló wọ abẹ́ rẹ̀ tí òrùka páánẹ́lì dípẹtà, èyí tí sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì lè wẹ̀ kúrò. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí jẹ́ yẹn náà la fi ń dáhùn ìpè, òun náà la sì fi ń sọ pé oògùn jẹ́. A pe bọ́tìnnì, kò jẹ́.

Ẹ wá wo jẹ àti jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo bi ìyá mi léèrè lórí fóònù tí wọ́n ti ń lò bọ̀ pé ṣé kí n bá wọn pààrọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó jẹ o, àmọ́ ó ń jẹ́, fi í lẹ̀." Àbúrò, níbo nínú "gbígbó" tàbí "ìparẹ́" ni wàá ti rí ìyàtọ̀ yẹn? Ọmọṣẹ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò gba owó rọ́bà tuntun lọ́wọ́ ẹni tí sípíríìtì ìdérí ìgò kan ì bá tó. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwèé láìfi àmì ohùn sí i, yóò dàrú. Ẹ fi àmì ohùn sí i nígbà náà. "Ó ti kú" tí àwọn kan tún ń sọ, mo fi sílẹ̀, torí fóònù lódindi la sábà máa ń sọ pé ó kú.

Bí ìwé náà bá ní orí kan tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pe àkọlé rẹ̀ ní "Bọ́tìnnì tó pa, tó jẹ, tó dẹ̀, tí kò jẹ́". Ó gùn lóòótọ́. Èdè tí àbúrò ń túmọ̀ látinú rẹ̀ ló kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ìbòrí kan, kò di dandan kí tiwa bá a wọ̀ ọ́.

Ó ku "ẹ̀dà agbègbè". Agbègbè, àdúgbò ló ń sọ sí mi létí: agbègbè Mayfair, agbègbè Ẹnuwá ní Ifẹ̀ níbí. Ẹ̀dà ló tiẹ̀ burú jù, torí ohun tí wọ́n wo ojú òmíràn dà kọ ni ẹ̀dà. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́jà fóònù pé ẹ̀dà ló ń tà, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe bá yín jà pé ẹ pe ọjà òun ní ayédèrú. "Ulé" tí àwa Ifẹ̀ àti ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ń wí, ta ló jẹ́ pè é ní ẹ̀dà "ilé"? (Lórí fóònù oníbọ́tìnnì, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ "ulé" yóò tẹ 8 lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ "ilé" yóò tẹ 4 lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ka-èdè ẹni náà wà lára ohun tó ń pinnu bọ́tìnnì tí yóò kọ́kọ́ jẹ.)

Ní ọjà, "ti Amẹ́ríkà", "ti Dubai", "ti Ṣáínà" ni wọ́n ń wí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gbọ́, àmọ́ ìtumọ̀ mẹ́ta ló ní: ibi tí wọ́n ti ṣe é, ibi tó gbà wọlé, àti àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é. Iléeṣẹ́ Finland ni Nokia. Mo ti ṣí bátìrì èyí tí wọ́n ṣe fún irú ilẹ̀ tiwa, Hungary ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ti ta ni ká pè é? Ìtumọ̀ kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì fún alátùn-únṣe. Nokia 3310 tó jáde ní 2000 ní ẹ̀gbọ́n-ń-jọ-àbúrò kan ní Amẹ́ríkà, 3390, ìgbì rédíò 1900 (ní megahertz) nìkan ló ń gbọ́. 900 àti 1800 sì ni GSM tó wọ Nàìjíríà ní 2001 gùn lé. Ẹni tí wọ́n bá fi 3390 ránṣẹ́ sí nílé á kàn máa fi wo aago ni. Ti bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn Lárúbáwá ní lẹ́tà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ABC, èyí tí wọ́n ṣe fún Jámánì tó sì ní bọ́tìnnì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Z ló jókòó síbi tí a mọ Y sí. Ẹni tí kò bá wo ọwọ́ ara rẹ̀ yóò kọ "Zorùbá" ránṣẹ́.

Mo wá dá "àṣefún" lábàá: àṣefún-Amẹ́ríkà, àṣefún-Jámánì. Mo ro "ẹ̀ka" wò, àmọ́ ẹ̀ka iléeṣẹ́ ti gbà á tán. Mo mọ àléébù tèmi náà: fún kì í fẹ́ dá dúró, kò sì ní í ṣeé ṣe ká sọ pé "àwọn àṣefún" ká dákẹ́ síbẹ̀. Orúkọ ìlú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e nígbà gbogbo. Ìyẹn ò dùn mí, àmọ́ ẹni tó bá dùn kó jà.

Páànù oníkùn yẹn, "páànù" lásán ni ọmọkùnrin Lágéré ń pè é, kò sì tó mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé Ọjà Àtákúnmọ̀sà, ẹ jókòó ti àwọn alátùn-únṣe ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu o.