Ọjọ́ 9 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì, jẹ̀díjẹ̀dí tún dé. Ẹ gbà mí o

Ìyàwó Mushin: Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ó ti sú mi. Owó tí mo fi ń ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà ni iṣẹ́ abẹ gbé lọ. Ìyá ọkọ mi ò bi mí pé ṣé ó ń dùn mí, ó ní wọ́n ti gé ilé ọmọ mi mọ́ ọn. Ọdún kan péré la ṣègbéyàwó! Ní báyìí mò ń sáré lọ ṣáláńgá bí ìgbà 7 lóòjọ́, kìkì ikun bíi ti imú ló ń jáde. Àgbo wo ló dáa?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. 2011 ni wọ́n yọ tèmi, mi ò tíì lọ́kọ. Ìbejì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá ọkọ ẹ lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ojú ọgbẹ́ ló dà mí láàmú, ó ṣọyún…

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Àgbo kẹ̀? Inú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là!

Bàbá Rísì: Àgbo la fi tọ́ ìwọ náà dàgbà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ sinmi ariwo. Ìyàwó, ṣé ara ẹ ń gbóná? Ṣé apẹ́ńdíìsì náà ti bẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́? Nǹkan oṣù ńkọ́?

Ìyàwó Mushin: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán, ẹ má fi toyún kún un. Ojú abẹ gbẹ dáadáa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ó bẹ́ àbí kò bẹ́?

Ìyàwó Mushin: Dókítà ní ó ti bẹ́. Ọjà ló dá mi dúró, mo kọ́kọ́ fi paracetamol tì í fọ́jọ́ méjì. Oògùn ọjọ́ 7 tí wọ́n fún mi ń mú kí òòyì máa kọ́ mi, mo pa á tì lọ́jọ́ kẹta. Lálẹ́, òtútù á mú mi títí eyín mi á fi máa gbá ara wọn. Ibà ni mo pè é.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Èyí ò jọ jẹ̀díjẹ̀dí. Tó bá ti bẹ́, ọyún lè ṣẹ́ kù kó lọ gbá jọ nísàlẹ̀ ikùn, láàárín ilé ọmọ àti ìdí. Òun ní ń ti ìdí tí ìgbẹ́ fi ń gbọ̀n ọ́ láìsí ìgbẹ́. Ojú abẹ lè gbẹ kó ṣì wà nínú. Irú ọyún bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù nítorí ọmọ bíbí, kì í ṣe abẹ. Padà sí ọsibítù lónìí, kí wọ́n ṣe scan.

Ìyàwó Mushin: Wọ́n á bú mi.

Ìyá Ìbejì: Kí wọ́n bú ọ. Apá ibo ní Mushin? Mò ń bọ̀ wá gbé ọ.

Ìyàwó Mushin: Ẹ̀gbẹ́ Òjúwòyè, mà. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àgbo. Ìyá ọkọ mi ló rà á, mo ti mu kọ́ọ̀pù méjì.