Wákàtí kan tí mo ní lálẹ́, ẹ̀rọ ilé ló ń gbà á lọ́wọ́ mi

Bàbá Ìbejì:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti ìyàwó mi.

Àárọ̀ kùtù ni mo ń jáde nílé. Bí mo bá fi máa dé, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọmọ ti fẹ́ sùn. Mẹ́ta ni wọ́n: àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún 5. Láti ìgbà tí a bá ti mú wọn sùn títí di ìgbà tí oorun á fi máa kun èmi náà, wákàtí kan ló máa ń kù, bí ó bá tiẹ̀ pé wákàtí kan. Àkókò yẹn nìkan ni mo lè pè ní tèmi.

Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe iṣẹ́ mi, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo ní Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, tí mo so mọ́ router ilé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Pi-hole sí i kí ó máa dí ìpolówó lórí gbogbo fóònù inú ilé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà lábẹ́ tábìlì, òun ló ń tọ́jú fọ́tò àwọn ọmọ láti ìgbà tí a ti bí wọn. Mo so iná pálọ̀ mọ́ Home Assistant, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ inú ilé, kí ó máa tàn fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ohun tí mo fọwọ́ ara mi tò bá ń ṣiṣẹ́, inú mi a máa dùn ju kí n wo bọ́ọ̀lù lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, mi ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n á ti máa to ẹjọ́ ẹ̀rọ fún mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò rí Wi-Fi mọ́. Fóònù ìyá wọn ti kún, kò lè ya fọ́tò mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Raspberry Pi yẹn kú nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, gbogbo ilé ò sì rí nǹkan kan ṣe lórí ayélujára títí mo fi dé. Wi-Fi wà o, àmì rẹ̀ kún dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ojúlé kan tó ṣí. Àkọ́bí ní iṣẹ́ iléèwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Ìyàwó mi pè mí, mo wá ń ṣàlàyé DNS fún un lórí fóònù, àwọn ìbejì sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó.

Nígbà tí mo délé, ó bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ilé là ń gbé ni, àbí ọ́fíìsì yín?"

Ó ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí á máa lo router bó ṣe wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ìpolówó tó ń já lu àwọn ọmọ nínú géèmù wọn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àmọ́ wákàtí tí mo ní yẹn, n kì í fi ṣeré mọ́, àtúnṣe ni mo ń fi ṣe. Bí n kò bá ṣe é lálẹ́, ó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Sátidé yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ń retí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìdílé tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn ẹ̀rọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí lẹ jù sílẹ̀, kí lẹ dì mú?

Oníwáyà:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Mo pè ọ́ ní àbúrò nítorí ọmọ tí mo bí ti kúrò nílé, má bínú sí mi.

Nǹkan méjì lo lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni ohun tí ilé ń lò, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò àti iná. Èkejì ni ohun tí ìwọ fi ń najú. Èyí tí ilé ń lò kò gbọdọ̀ sinmi lé èyí tí o fi ń najú. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà rẹ ti ń wá.

Wo ti Raspberry Pi yẹn. Nọ́ńbà ni fóònù fi ń dé ojúlé, kì í ṣe orúkọ. DNS ló ń sọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti orúkọ kọ̀ọ̀kan fún un. Pi-hole gba ipò yẹn, ó sì ń kọ̀ láti dáhùn nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè orúkọ àwọn olùpolówó. Bí Pi bá wá kú, kò sẹ́ni tó máa dáhùn ohunkóhun mọ́. Ìdí nìyẹn tí àmì Wi-Fi fi kún tí nǹkan kan ò ṣí. Àwọn kan á ní kí o fi DNS kejì sínú router. O lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í dúró dìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá kú kí wọ́n tó lo èkejì. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń lò, ìpolówó á sì máa yọ́ wọlé.

Ní ilé tèmi, DNS iléeṣẹ́ Cloudflare tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.1.1.3 ni router ń lò, èyí tí wọ́n gbé jáde fún ìdílé ní 2020. Ó ń dí ojúlé oníhòòhò àti àwọn tó ń fi kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà. Kì í dí ìpolówó o, mo sọ ọ́ kí o má bàa bú mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ilé tí mo ní láti máa tọ́jú nítorí rẹ̀. Pi-hole tèmi ṣì wà, kọ̀ǹpútà mi àti fóònù mi nìkan ló ń bi í ní nǹkan. Tó bá kú lónìí, èmi nìkan ni màá mọ̀, mo sì lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ di ìgbà tí àyè bá yọ.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: bó bá ní ihò wáyà, fi wáyà so ó mọ́ router. Bí kò bá ní, wò ó bóyá ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ló ń gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ 5 GHz rárá. Má sì gbé router sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ microwave. Nǹkan bíi 2.45 GHz ni microwave ń lò, ó sì máa ń dí Wi-Fi lọ́wọ́ bí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Iná pálọ̀ ńkọ́? Ṣé bọ́tìnì ara ògiri ṣì ń tan án bí Home Assistant bá kú? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ jàre.

Ìyá Àdùnní:

Ẹ kú ilé, Bàbá Ìbejì. Ipò tí ìyàwó yín wà ni èmi náà wà, torí ọkọ mi fẹ́ràn wáyà bí ẹni máa kú.

Mi ò rò pé ẹ̀rọ yín ló ń bí i nínú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé òun fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣe sí i ju kó jókòó máa retí yín. Ẹ̀yin lẹ wà níbi iṣẹ́, òun ni ọmọ ń ké sí létí.

Òfin tí mo fi lélẹ̀ nílé wa ni pé ẹ̀rọ tí èmi ò bá lè mú bọ̀ sípò fúnra mi, kò ní wọlé. Ọkọ mi kọ ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù: wáyà tí màá yọ, bí mo ṣe máa dúró pẹ́ tó kí n tó dá a padà, àwọ̀ tí iná ara router máa ní bó bá ti yá. Èyí tó kọ́kọ́ kọ, mo dá a padà fún un. "IP" àti "gateway" ló kún inú rẹ̀, bí ẹni pé ó ń kọ̀wé sí ara rẹ̀. Nígbà tó tún un kọ, mo ní kó jókòó lórí àga, kó má sọ̀rọ̀, èmi sì mú ìwé náà, mo pa gbogbo rẹ̀, mo tún un tàn. Ẹ bá rí ojú rẹ̀! Ó fẹ́ dìde, mo ní kó jókòó. Ibi tí ìwé náà ò ti yé mi, ibẹ̀ ló ti ṣàtúnṣe sí. Láti ọjọ́ náà, kì í gba ìpè ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ mọ́.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan. Ní 1974, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Joann Vanek gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ìyàwó ilé tí kì í ṣiṣẹ́ níta. Láàárín 1920 sí 1930, nǹkan bíi wákàtí 52 ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ ilé lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1960 sókè, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ ti kún ilé, ó ti di 55. Àkókò tí wọ́n ń lò lórí aṣọ fífọ̀ gan-an pọ̀ sí i, torí aṣọ wọn ti pọ̀, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ léraléra. Ẹ wá wo iná yín tó ń tàn fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ ti ro iye àkókò tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ kó tó lè máa tàn fúnra rẹ̀? Ẹnì kan ì bá ti tẹ bọ́tìnì.

Ìbéèrè kan péré: bí ohunkóhun bá ṣe yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, ṣé ìyá àwọn ọmọ mọ ọ̀nà tó máa gbà rí fọ́tò wọn?

Kò-Sí-Wàhálà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Mo ti yọ tèmi. Mo ń fi wákàtí tèmi sùn, ara mi sì le.

Bàbá Ìbejì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Kò-Sí-Wàhálà, oorun dára, ṣùgbọ́n tí mo bá yọ gbogbo rẹ̀, mo mọ ara mi, màá bẹ̀rẹ̀ òmíràn láàárín oṣù kan.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, mo ti fi 1.1.1.3 sínú router. Bọ́tìnì ògiri ń tan iná, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá Àdùnní, mo ka èsì yín sókè fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ yín ti jókòó lórí àga, ẹ̀rín pa á. Ó ti ń wá àga tèmi. Ti fọ́tò yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, torí kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ó ku ìpolówó inú géèmù. Ó ti padà dé. Àkọ́bí mi náà tún wà ńbẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá dojú kọ Pi ló máa ń wá dúró sẹ́yìn mi tí á máa béèrè nǹkan, títí tí mo fi máa ní kó lọ sùn.

Ìyá Àdùnní:

Ṣé géèmù náà nílò íntánẹ́ẹ̀tì ni? Ọ̀pọ̀ nínú géèmù àwọn ọmọdé ò nílò rẹ̀. Ẹ fi fóònù sí airplane mode kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Ìpolówó tó fẹ́ wọlé ò ní rí ọ̀nà. Mi ò sì mọ nǹkan kan nípa Pi-hole o.

Oníwáyà:

Ìyá Àdùnní ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àbúrò, fọ́tò ni kí o kọ́kọ́ mú. Kí ó wà ní ibi mẹ́ta: kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì yẹn, díìsìkì kan tí o lè yọ kúrò lára rẹ̀, àti ibì kan tí kì í ṣe inú ilé yín, bíi orí ayélujára tàbí ilé ẹbí. Èyí tó wà lórí ayélujára, kí ìyàwó rẹ lè fi fóònù tirẹ̀ ṣí i. Bí fóònù rẹ̀ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè máa pa èyí tó ti débẹ̀ rẹ́ lórí fóònù náà, kíkún tó ń kún á dópin. Kó kọ́kọ́ rí i dájú pé pípa tó pa á lórí fóònù kò ní pa á rẹ́ lórí ayélujára pẹ̀lú o, torí àwọn ètò kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Gbé Pi fún un. Kí àwọn ọmọdé lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe Raspberry Pi nígbà tó jáde ní 2012. Ẹ jọ bà á jẹ́ ní Sátidé, kó tò ó, kó tún un tò, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò ní ké pé íntánẹ́ẹ̀tì lọ, torí kò sí lọ́nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé mọ́. Ṣùgbọ́n yẹ káàdì SD inú rẹ̀ wò ná. Gbogbo ìbéèrè tí Pi-hole ń gbà ló ń kọ sórí káàdì yẹn, kíkọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà a sì máa mú un gbó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kú.

Bàbá Ìbejì:

Òun ni, ẹ̀gbọ́n. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí, kò kà mọ́. GB mélòó ni kí n wá fún ọmọ náà?

Oníwáyà:

32 tó o. Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò sí i.