Akẹtẹ̀ ni, kì í ṣe ìbòjú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló béèrè pé kí ni ká máa pe matte box ní Yorùbá, ìyẹn àpótí dúdú tí wọ́n máa ń gbé síwájú lẹ́ǹsì kámẹ́rà kí oòrùn má baà wọ̀ ọ́. Àbúrò wọn fẹ́ rà á sí kámẹ́rà, kò sì mọ bó ṣe máa ṣàlàyé fún màmá wọn pé ohun tí owó náà fẹ́ bá lọ nìyí. Èsì mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnìkan ní "ìbòjú kámẹ́rà", ẹnìkan ní "àpótí aláìdán", ẹnì kẹta ní ká kúkú máa pe ti òyìnbó bẹ́ẹ̀ ká lọ sùn. Iṣẹ́ fídíò ni mo fi ń jẹun n'Ílọrin níbí, ìsọmọlórúkọ, yìgì, wólímọ̀, a kì í kọ èyíkéyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ó jẹ́ "ìbòjú". Bí mo bá dé Ọjà Ọba tí mo ní ìbòjú tó dáa ni mò ń wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ẹlẹ́hàá ni wọ́n máa júwe fún mi, wọ́n á sì tún bi mí bóyá ìyàwó mi ti fẹ́ wọ hàá. Ká tiẹ̀ gbé ti Ìlọrin tì, ọ̀rọ̀ náà kò bá iṣẹ́ nǹkan yìí mu. Ìbòjú ń bo ojú. Èyí kì í bo ojú kámẹ́rà rárá. Ẹ rántí bí ẹnìkan ṣe máa ń ṣe tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí i, tó sì fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán: á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, oòrùn nìkan ni kò ríbi wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni èyí ń ṣe fún kámẹ́rà. Tí kò bá sí, àwòrán á funfun bí ẹni da omi ògì sí i, àwọn òbìrípo iná á sì tò gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Àpótí aláìdán" ńkọ́? Ẹni tó dá a lábàá wo ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé "matte" ni ohun tí kì í dán, ó bá mú un. Kò jẹ̀bi, inú àpótí náà dúdú, kò sì gbọdọ̀ dán lóòótọ́. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni orúkọ náà ti wá. Páálí dúdú tí wọ́n gé ni àwọn onífíìmù àtijọ́ ń pè ní "matte". Wọ́n á fi dí apá kan kí ìmọ́lẹ̀ má baà dé ibẹ̀, wọ́n á ya apá tó kù, wọ́n á wá yí fíìmù padà sẹ́yìn, wọ́n á dí èyí tí wọ́n ti yà, wọ́n á sì ya nǹkan mìíràn sí ibi tó ṣófo. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Georges Méliès, onífíìmù ará Faransé, fi ń dá àrà kó tó di ọdún 1900. Àpótí tó ń gbé páálí wọ̀nyẹn dúró ló di èyí tí à ń sọ. Páálí ti lọ, orúkọ ló kù. (Àwa ará Ìlọrin mọ irú èyí: àwọn kan ní "ìlọ irin" ló bí orúkọ ìlú wa, àwọn kan ní "ìlú erin", oníkálukú sì di tirẹ̀ mú.)

Akẹtẹ̀ ni mo fẹ́ ká lò. Akẹtẹ̀ àgbẹ̀ kì í bo ojú, etí rẹ̀ ló ń ṣíji. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ike kékeré tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì náà ń ṣíji, pé kí ni ká wá pe ìyẹn? Òótọ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, nítorí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ló ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ike yẹn ń ṣíji, ó tán. Matte box ń ṣíji, ó sì tún ń gbé awò: awò dúdú tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, awò tí ń pa dídán ojú omi àti gíláàsì mọ́tò, awò tí ń mú awọ ojú ìyàwó rọ̀. Nítorí náà, kí ike kékeré máa jẹ́ akẹtẹ̀ lásán, kí èyí jẹ́ "akẹtẹ̀ agbáwò". Ẹ fi àmì ohùn sí i o! Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì lórí fóònù, ẹni tó ń gbé àwo ìrẹsì káàkiri lóde ìnáwó ni wọ́n máa rò.

Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò nira, a ti ní wọn nílé. Ewé méjì tó ń ṣí lápá ọ̀tún àti òsì ni "abetí", bíi ti fìlà abetí ajá. Èyí tó wà lókè ni abetí òkè. Òrùka rọ́bà tó ń dí àlàfo láàárín lẹ́ǹsì àti àpótí ni mo pè ní "òṣùká". Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo òṣùká. Lọ́dún kan, níwájú ààfin Ẹ́míà, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń jáde, èyí tí mo yá lò kò ní. Jàlàbíà funfun ni mo wọ̀, oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn mi. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i: níbi tí ara ẹṣin ti dúdú, bọ́tìnnì jàlàbíà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sí ìhà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn wọlé, ó lu awò, awò dá mi padà sínú lẹ́ǹsì.

Ní ti àbúrò ẹ̀gbọ́n wa, kó mú lẹ́ǹsì rẹ̀ tó ń wo fífẹ̀ jù dání lọ sí ọjà, kó gbé akẹtẹ̀ náà síwájú rẹ̀, kó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán. Bí igun bá ṣókùnkùn, àpótí náà ti kéré jù. Kó mú èyí tó ń gba awò ínǹṣì 4 lọ́nà 5.65, nítorí òun ló rọrùn láti yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ èyí tó ń jókòó lórí ọ̀pá méjì tó yọ síwájú kámẹ́rà ni, kámẹ́rà kékeré ń lo ọ̀pá tó nípọn mìlímítà 15, ti ńláńlá ń lo 19. Bó bá jẹ́ èyí tó ń há mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, kó wọn ẹnu lẹ́ǹsì rẹ̀ kó tó jáde nílé. Lẹ́yìn náà kó ti tìréè awò, ìyẹn férémù tí awò ń jókòó sí, bọ inú rẹ̀, kó gbé e sétí, kó mì í. Èyí tó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kó dá a padà fún olówó rẹ̀.

Kó wá sọ fún màmá pé akẹtẹ̀ ni kámẹ́rà òun fẹ́ dé. Bí màmá bá béèrè pé irú akẹtẹ̀ wo ló wọ́n tó báyìí, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ tèmi.